Library C++ fún àmì ohùn Yorùbá: ṣé source ni ká pín, àbí binary tó ti jinná?

ỌmọAgbowó · Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Library kan (àkójọ kóòdù tí áàpù mìíràn lè pè) wà tí a fi C++ kọ, libamiohun lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà, kó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ mọ̀ pé "ọ́" kò ní nọ́ńbà kan tó dá dúró fún un nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: U+1ECD ni a máa kọ́kọ́ kọ, ká tó fi àmì òkè, U+0301, lé e. Ẹlòmíràn á tẹ "ó" kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra rárá, ìdí nìyẹn tí wíwá ọ̀rọ̀ fi máa ń kùnà.

Fáìlì bíi 40 ni library náà, ICU, library ńlá kan fún Unicode, ló sì ń bá a ṣe àtúntò. Oríṣi èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ lò ó: àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ilé ìwé lórí Windows pẹ̀lú Visual Studio, àwọn tó ní sáfà Ubuntu, àwọn oní áàpù Android, àti àwọn oníPython.

Ṣé source (kóòdù bí a ṣe kọ ọ́) ni ká kó fún wọn, kí oníkálukú lọ kọ́ńpáìlì tirẹ̀, ìyẹn kó sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò? Àbí binary tí a ti kọ́ńpáìlì tán, bíi .dll, .so àti .a, ni ká fi ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ binary, mélòó ló máa jẹ́?

Àkànní_Sángo · 8:51 àárọ̀

Àbúrò, source ni. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye binary tí ò ń bèèrè.

Windows: CPU oríṣi 2 (x64 àti ARM64), Debug (tí a fi ń wá àṣìṣe) àti Release (tí a ń pín), /MD àti /MT (bóyá CRT, library C ti Windows, wà níta tàbí nínú). Ìyẹn 8. Linux: x86-64 àti aarch64, lórí glibc àti lórí musl tí Alpine ń lò (library C méjì tí Linux máa ń dúró lé). Ìyẹn 4. Android: arm64-v8a, armeabi-v7a, x86_64, x86. 4 mìíràn. A ti dé 16 báyìí, a ò tí ì fẹnu ba iPhone àti Mac. Gbogbo ìgbà tí o bá tún ìlà kan ṣe, o máa kọ́ńpáìlì nígbà 16, o máa dán an wò nígbà 16. Èyí tí o kò bá dán wò lórí ẹ̀rọ tó máa gbé e, àfojúbà lo fún wọn.

Wo bí SQLite ṣe ń ṣe é. Wọ́n máa ń kó gbogbo kóòdù wọn jọ sínú sqlite3.c kan àti sqlite3.h kan. Ìlà tó wà nínú sqlite3.c ju 200,000 lọ, síbẹ̀ fáìlì kan náà ni, o kàn máa jù ú sínú iṣẹ́ rẹ ni. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé ó tún ń fi nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú 100 yára sí i, torí kọ́ńpáìlà rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì 40 tìrẹ ò tó nǹkan: kó wọn jọ sí amiohun.cpp àti amiohun.h, ó parí.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi CMake, irinṣẹ́ tó ń darí kọ́ńpáìlì, fà á wọlé, kí wọ́n lo FetchContent. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n má kọ "main" síwájú GIT_TAG. Nọ́ńbà commit (ẹ̀dà kan pàtó nínú git) gan-an ni kí wọ́n kọ, torí "main" ti àná kọ́ ni "main" ti òní.

Àmàlà tó bá pẹ́ lọ́nà á gan. Èlùbọ́ ni kí o gbé fún wọn, kí oníkálukú ro tirẹ̀.

Àdùkẹ́_RingRoad · 9:37 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo gbọ́ ti èlùbọ́. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ omorogùn. Ta ló ní omorogùn nílé? OníPython tó tẹ `pip install` lórí Windows kò ní kọ́ńpáìlà C++ kankan. Kó tó ní in, ó di kó wa Build Tools ti Visual Studio sílẹ̀, gígábáìtì ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Lórí dátà tí à ń fi owó ra, lórí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ lè kú kí NEPA tó mú iná dé, ẹni náà á pa á tì, á wá library mìíràn. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe ló ju ohun tó bá wá lọ.

Àbúrò ỌmọAgbowó, ohun tó máa dà yín láàmú ju source tàbí binary lọ ni ICU yẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. ICU máa ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ orúkọ function. Ubuntu 22.04 ní ICU 70, nítorí náà .so tí ẹ bá kọ́ńpáìlì níbẹ̀ á máa wá `libicuuc.so.70`, á máa wá àwọn orúkọ tó parí sí `_70`. Gbé e lọ sórí Ubuntu 24.04, ICU 74 ló wà níbẹ̀. Kò ní ṣí rárá, ẹni tó ń lò ó á rò pé iṣẹ́ yín ló bàjẹ́. Tí ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ di ICU mọ́ inú rẹ̀, dátà rẹ̀ nìkan ń lọ sí mégábáìtì 30. Ta ni yóò fi ìyẹn sínú áàpù fóònù nítorí àmì ohùn?

NFC, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Unicode là sílẹ̀ láti to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, nìkan lẹ nílò. Ẹ lo utf8proc, library kékeré tó ń ṣe é. C ni wọ́n fi kọ ọ́, utf8proc.c, utf8proc_data.c àti header (fáìlì .h) kan ni gbogbo rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbà yín láyè láti kó o mọ́ tiyín. Ẹ yọ ICU kúrò kí ẹ tó ronú pínpín rárá. Bí library bá ṣe ń gbára lé àwọn mìíràn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni binary rẹ̀ ṣe ń yára bàjẹ́.

Ní ti Linux, ohun kan ló ń pa binary níbẹ̀ jù: glibc. Ubuntu 20.04 ní glibc 2.31, 22.04 ní 2.35, 24.04 ní 2.39. Èyí tí ẹ kọ́ńpáìlì lórí tuntun kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ á ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Ohun tí wọ́n máa rí ni:

```
/lib/x86_64-linux-gnu/libc.so.6: version `GLIBC_2.34' not found
```

Ẹ̀dà 2.34 ni wọ́n kó libpthread wọnú libc fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yẹn fi pọ̀ nínú àṣìṣe àwọn èèyàn. Nítorí náà, orí Linux tó pẹ́ jù nínú èyí tí ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lé lórí ni kí ẹ ti kọ́ńpáìlì. Àwọn oníPython ti ṣètò àpótí Docker sílẹ̀ fún un: manylinux2014 dúró lórí glibc 2.17, manylinux_2_28 dúró lórí 2.28.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni .so, ẹ ò lè mọ̀ níta. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi í:

```
objdump -T libamiohun.so | grep -o 'GLIBC_[0-9.]*' | sort -Vu | tail -1
```

Nọ́ńbà tó bá jáde ni glibc tó kéré jù tí ẹ̀rọ oníbàárà gbọ́dọ̀ ní. Ẹ kọ ọ́ sínú README.

Àkànní_Sángo · 10:05 àárọ̀

Àdùkẹ́, o ṣeun fún ti ICU, ó wọlé. Ṣùgbọ́n fi èyí kún un, torí Ìbàdàn la wà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Queen Cinema, Core i5 ìran kejì àti ìkẹta ló pọ̀ nínú wọn, ti 2011 àti 2012. Àwọn yẹn ò ní AVX2, ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí CPU tuntun ní. Ìran kẹrin, ti 2013, ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí. Tí ẹnikẹ́ni bá kọ́ńpáìlì binary pẹ̀lú `-march=native` lórí ẹ̀rọ tuntun, "Illegal instruction" ni oní tòkunbọ̀ máa rí, áàpù á sì kú láìsọ ohun tó ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀ ní x86-64 lásán. Tí ibì kan bá wà tó nílò AVX2 lóòótọ́, kí kóòdù yẹ CPU wò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kó tó yan ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ source, wàhálà yìí ò sí. Ẹ̀rọ tó fẹ́ lò ó ló kọ́ńpáìlì fúnra rẹ̀.

ỌmọAgbowó · 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. ICU ti kúrò, utf8proc ti wọlé. A kọ́ńpáìlì .so nínú manylinux2014, objdump ní GLIBC_2.14, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lò ó lórí Ubuntu 22.04 rí èyí:

```
undefined reference to `amio::tunto(std::__cxx11::basic_string<char,
std::char_traits<char>, std::allocator<char> > const&)'
```

Function yẹn wà níbẹ̀ o. Mo fi `nm -DC` yẹ̀ ẹ́ wò:

```
T amio::tunto(std::basic_string<char, std::char_traits<char>,
std::allocator<char> > const&)
```

Kí ló dé tí linker, irinṣẹ́ tó ń so kóòdù pọ̀, ò rí i?

Bàbá_Mókọ́lá · 3:02 ọ̀sán

Ọmọ mi, fi orúkọ méjèèjì síra, kí o kà wọ́n létí-létí. Ọ̀kan ní `__cxx11` láàárín, èkejì kò ní. Lójú linker, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ohun tó fà á nìyí. Ní 2015, GCC 5 yí bí std::string ṣe rí nínú mẹ́mọ́rì padà, torí òfin C++11 kò gba ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ láyè mọ́. Kí ti àtijọ́ àti ti tuntun má baà da ara wọn rú, wọ́n fi `__cxx11` sínú orúkọ tuntun. Ubuntu 22.04 ń lo tuntun. Kọ́ńpáìlà tó wà nínú manylinux2014, orí CentOS 7 ló dúró lé, ti àtijọ́ ló sì ń lò. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú yín. manylinux_2_28 ń lo tuntun, tí o bá sún lọ síbẹ̀, èyí á lọ. Ubuntu 20.04 ní glibc 2.31, nítorí náà 2.28 ò ní dí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn sún lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ sì sinmi. Àṣìṣe yìí ń fi nǹkan tó tóbi jù ú lọ hàn. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí std::string, std::vector tàbí exception (ìkéde àṣìṣe C++) gba ẹnu ọ̀nà library tí ẹ fẹ́ pín ní binary kọjá. Bí nǹkan wọ̀nyí ṣe rí nínú mẹ́mọ́rì, ọwọ́ kọ́ńpáìlà ló wà, ọwọ́ flag (àṣẹ tí a fún kọ́ńpáìlà) ló wà. Bí C ṣe ń pe function lórí CPU kan àti ètò ìṣiṣẹ́ kan, ìyẹn ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ fi C++ kọ inú ilé bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n C ni kí ẹ fi ṣe ẹnu ọ̀nà:

```
#ifdef __cplusplus
extern "C" {
#endif
typedef struct amio amio;

amio *amio_si(void);
int   amio_tunto(amio *a, const char *wole, size_t gigun,
                 char *jade, size_t aye, size_t *nilo);
void  amio_ti(amio *a);
int   amio_eda(void);
#ifdef __cplusplus
}
#endif
```

Ẹ wo ohun mẹ́rin níbẹ̀. Àkọ́kọ́, `struct amio` kò ní inú nínú header. Oníbàárà ò mọ bó ṣe tóbi tó, nítorí náà ẹ lè fi nǹkan kún un lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé kóòdù rẹ̀ ṣubú. Èkejì, oníbàárà ló mú àyè tí èsì máa bọ́ sí wá. Tí àyè náà kò bá tó, ẹ kọ iye tó yẹ sínú `nilo`, kó lọ mú èyí tó tóbi wá. Kò sí mẹ́mọ́rì tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí tí ẹ̀gbẹ́ kejì máa pa. Ohun tí `amio_si` ṣí, `amio_ti` nìkan ló gbọ́dọ̀ pa á. Ẹ̀kẹta, èsì `amio_tunto` jẹ́ int: 0 bó bá dára, nọ́ńbà mìíràn bí kò bá dára. Gbogbo function wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní `catch (...)` nínú, kí exception kankan má jáde síta. Ẹ̀kẹrin, `amio_eda` ń sọ ẹ̀dà, kí oníbàárà lè mọ̀ bóyá header ọwọ́ rẹ̀ àti .so tó bá pàdé jọ wá láti ibì kan náà.

Ẹ fi `-fvisibility=hidden` kọ́ńpáìlì, kí ẹ fi àmì síta fún mẹ́rin yìí nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó pẹ̀lú `-static-libstdc++ -static-libgcc` kó má lọ máa wá libstdc++ (library C++ ti GCC) ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹ sì fi `-Wl,-soname,libamiohun.so.1` sí i; nọ́ńbà ìparí yẹn ni ẹ̀dà ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹ bá yí ọ̀kan nínú àwọn function yìí padà ni ẹ máa sọ 1 di 2. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún àṣìṣe ṣe.

Àṣàkẹ́_Bódìjà · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ohun tí ẹ sọ yìí ló máa dín ìṣirò ẹ̀gbọ́n Àkànní kù lórí Windows.

Ìdí tí Windows fi di 8 ni pé Debug àti Release ò rí std::string bákan náà, /MD àti /MT ò sì pín mẹ́mọ́rì láti ibì kan náà. Ẹni tó bá gbé .lib Release sínú iṣẹ́ Debug máa rí:

```
error LNK2038: mismatch detected for '_ITERATOR_DEBUG_LEVEL':
value '0' doesn't match value '2'
```

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ DLL tó ní ẹnu ọ̀nà C nìkan, tí ẹ fi /MT kọ́ńpáìlì, CRT ti wà nínú rẹ̀. Kò ní bi oníbàárà bóyá Debug ni tàbí Release, kò ní bèèrè vcredist (àpò tó ń fi CRT sórí ẹ̀rọ), ẹni tó ń lo MinGW (GCC ti Windows) pàápàá lè pè é. 8 di 2: x64 kan, ARM64 kan. Tí kò bá sí oníbàárà yín tó ní Windows ARM64, 1 ni. Ẹ fi .pdb, fáìlì tó ń tọ́ka ibi tí àṣìṣe wà nínú kóòdù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ DLL náà. Láìsí i, ẹni tí áàpù rẹ̀ bá kú nínú library yín kò ní rí nǹkan kan fi ránṣẹ́ sí yín ju nọ́ńbà hex lọ.

Tó bá jẹ́ .lib fún ìsopọ̀ inú lẹ ṣì fẹ́ pín, Visual Studio 2015, 2017, 2019 àti 2022 lè lo ti ara wọn, bí linker tó ń so wọ́n kò bá ti dàgbà ju èyí tó kọ́ńpáìlì wọn lọ. Ẹ má fi /GL kọ́ńpáìlì rẹ̀ o; pẹ̀lú /GL, ẹ̀dà kan ò gba ti èkejì.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti source, torí kò rọrùn tó bí ẹ ṣe sọ ọ́. Library yìí kún fún lẹ́tà Yorùbá nínú kóòdù. Visual Studio, tí fáìlì kò bá ní BOM (báìtì ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ pé UTF-8 ni), máa ń kà á bíi codepage (tábìlì lẹ́tà) Windows, 1252 ló sábà máa ń jẹ́. "ẹ" jẹ́ báìtì mẹ́ta ní UTF-8: E1 BA B9. Ní 1252, lẹ́tà mẹ́ta nìyẹn: áº¹. Tí kóòdù bá kọ `u8"ẹ"`, kọ́ńpáìlà á mú áº¹, á tún un sọ di UTF-8 lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wíwá "ẹ" á máa kùnà lórí Windows nìkan, gbogbo ìdánwò orí Linux á máa kọjá.

Ojútùú tó hàn lójú ni flag `/utf-8`. Ẹ fi í sínú CMakeLists yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ju amiohun.cpp sínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ní lo CMakeLists yín, flag yẹn ò sì ní bá a lọ. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà wọ̀nyí ní nọ́ńbà báìtì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú! Ẹ wo "ẹ̀bà":

```
"\xE1\xBA\xB9\xCC\x80b\xC3\xA0"
```

Kò dára. `\x` kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró, gbogbo lẹ́tà tó bá jọ hex ló ń gbé mì, "b" sì jẹ́ hex. Ó máa ka `\x80b`, á ní ó ti tóbi jù. Bó ṣe yẹ nìyí:

```
"\xE1\xBA\xB9\xCC\x80" "b\xC3\xA0"
```

Ẹ má sì sá lọ sí `u8"\u1EB9"`, torí ní C++20, `u8` kì í ṣe `char` mọ́, `char8_t` ni. Oníbàárà tó bá ń kọ́ńpáìlì pẹ̀lú C++20 á rí àṣìṣe nínú kóòdù tí ẹ̀yin kọ, kì í ṣe nínú tirẹ̀.

Ohun tí source túmọ̀ sí nìyẹn: flag ẹni ẹlẹ́ni ló máa wọ inú ilé yín. `-fno-exceptions` rẹ̀, `-Werror` rẹ̀, `min` àti `max` tí windows.h sọ di macro. Ẹ kọ́ńpáìlì amiohun.cpp pẹ̀lú `-Wall -Wextra` lórí GCC àti Clang, pẹ̀lú `/W4` lórí MSVC, pẹ̀lú C++17 àti C++20, kí ó má sọ ìkìlọ̀ kankan, kí ẹ tó pín in. Ẹ kọ `(std::min)(a, b)`, pẹ̀lú àkámọ́ yẹn, kí macro má lè mú un.

Àkànní_Sángo · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Àṣàkẹ́, òótọ́ lo sọ. Mi ò rò ó dé ibi `char8_t`. Iye tí a máa dán wò ò kéré lórí source náà, kọ́ńpáìlà ló kàn rọ́pò ẹ̀rọ. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan ṣì wà: tí source bá kọ̀, oníbàárà á rí ìlà tó kọ̀, ó lè tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí binary bá kọ̀, ó di kó dúró dè ọ́.

Àlàbí_Fóònù · 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ti Android ò gùn.

Ẹ má yọ armeabi-v7a. Google Play ti ń béèrè 64-bit láti oṣù kẹjọ 2019, ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ṣì jẹ́ 32-bit pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. x86 lẹ lè yọ. x86_64 wà fún emulator.

Nínú áàpù kan, libstdc++ ò sí, libc++ ti NDK (irinṣẹ́ C àti C++ ti Android) ló wà, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń fi C++ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lo ẹyọ kan náà. Pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà C tí Bàbá kọ, ẹ lè lo `c++_static` láìsí ìbẹ̀rù, kí ẹ fi `-Wl,--exclude-libs,ALL` sí i kí orúkọ inú rẹ̀ má jò síta.

Ohun tuntun tí ọ̀pọ̀ ò tí ì fiyè sí: Android 15 gba ẹ̀rọ tí ojú ewé mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 16 KB dípò 4 KB. .so tí a tò sórí 4 KB kò lè ṣí níbẹ̀ bó ṣe yẹ. NDK r28 ń ṣe é fúnra rẹ̀; NDK tó ṣáájú rẹ̀, ẹ fi `-Wl,-z,max-page-size=16384` kún un. Binary tí ẹ pín lọ́dún méjì sẹ́yìn láìfọwọ́ kàn án lè má ṣiṣẹ́ lórí fóònù tuntun tó ń lo 16 KB. Ẹni tó gba source kàn máa tún un kọ́ńpáìlì ni.

Tí ẹ bá padà dé orí iPhone: fáìlì .a kan ò lè gbé arm64 ti fóònù àti arm64 ti simulator pọ̀. XCFramework ni ẹ máa ṣe, `xcodebuild -create-xcframework` ló ń ṣe é, ó sì ń fẹ́ Mac.

Àdùkẹ́_RingRoad · 7:10 alẹ́

Ti Python wá rọrùn báyìí. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà jẹ́ C, ẹ fi ctypes, tó ti wà nínú Python, pè é. Wheel yín (àpò tí pip ń gbé wọlé) ò ní so mọ́ ẹ̀dà Python kankan, orúkọ rẹ̀ á ní `py3-none-` nínú, ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pybind11 lẹ lò ni, ẹ̀dà Python kọ̀ọ̀kan ló máa ní tirẹ̀.

ỌmọAgbowó · 8:45 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹnìkan bèèrè lọ́wọ́ mi pé, ṣé source ò ní fọkàn ẹni balẹ̀ ju binary lọ ní ti ààbò, torí pé èèyàn lè kà á?

Àkànní_Sángo · 9:02 alẹ́

Ó lè kà á, ṣùgbọ́n kó rí i dájú pé ohun tó ń kà ni ohun tó ń kọ́ńpáìlì. Ọ̀rọ̀ xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ti 2024 ló yẹ ká máa rántí. Ní 29 oṣù kẹta ọdún yẹn, Andres Freund kéde pé ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ wà nínú xz 5.6.0 àti 5.6.1. Source ni wọ́n pín. Ṣùgbọ́n fáìlì kan, build-to-host.m4, tó ń mú ilẹ̀kùn náà ṣiṣẹ́, inú tarball (àpò source tí wọ́n pín) ni èyí tó lóró wà, kò sí nínú git. Ẹni tó ka git kò rí i.

Nítorí náà, má fi ọwọ́ kó tarball jọ. `git archive` ni kí o fi ṣe é láti orí tag (orúkọ ẹ̀dà kan nínú git), kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀ kó sì fi wéra. Amiohun.cpp tí o kó jọ yẹn, script kékeré tó kó o jọ gbọ́dọ̀ wà nínú git. Kọ SHA-256 (nọ́ńbà ìdánimọ̀) gbogbo fáìlì jáde, ti source àti ti binary, kí o fọwọ́ sí i pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gpg rẹ.

ỌmọAgbowó · 9:30 alẹ́

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Ẹ tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣì í. Source ni ìpìlẹ̀: amiohun.cpp, amiohun.h àti utf8proc, pẹ̀lú CMakeLists, láti orí tag. Binary tí a máa dúró tì jẹ́ 6: Windows x64 DLL, Linux x86-64 láti inú manylinux_2_28, Android arm64-v8a, armeabi-v7a àti x86_64, àti Linux aarch64. Wheel Python jẹ́ 3, láti inú àwọn DLL àti .so kan náà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, Alpine àti ìyókù, source ni.

Bàbá_Mókọ́lá · 9:48 alẹ́

O gbọ́ ọ. Nǹkan méjì. Linux aarch64, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ kan tí ẹ máa fi dán an wò? Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́, 5 tí a dán wò sàn ju 6. Èkejì, utf8proc ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Bí ẹ ti fi í sínú source, ẹ fi í sínú zip binary kọ̀ọ̀kan àti wheel kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀.

ỌmọAgbowó · 9:55 alẹ́

Kò sí ẹ̀rọ aarch64, Bàbá. Mo ti yọ ọ́, pẹ̀lú wheel rẹ̀. Ìwé àṣẹ ti wọ inú zip.